Ọwọ́ Tó Ń Kú Lórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú, àwa mélòó kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere jáde ní Ìbàdàn. Bí ẹni tuntun bá dara pọ̀ mọ́ wa, a kì í tíì rìn jìnnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ọwọ́ bí ẹni tí omi gbóná ta sí lára. Àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni mo kó jọ síbí. Ó máa ń dùn mí bí ẹnì kan bá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jù sí ẹ̀yìnkùlé nítorí ohun tí sípánà kan àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lè tún ṣe.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ọwọ́ bá kú?

Iṣan ìmọ̀lára ló ń gbé ìròyìn láti ìka lọ sí ọpọlọ: pé nǹkan gbóná, pé ó tutù, pé ó ń gúnni. Irú iṣan yìí náà ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ padà wá fún ìka. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ á dín kù, ìròyìn tó ń gbé á sì máa já lójú ọ̀nà. Ìgbà yẹn la máa ń rí i bíi kí èèrà máa rìn lábẹ́ awọ, tàbí kí abẹ́rẹ́ máa gún wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí a kò bá gbé ọwọ́ kúrò, ìka á wá kú pátápátá, bí ẹni pé igi ni wọ́n so mọ́ wa lọ́wọ́.

Iṣan méjì lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá. Òun lẹ máa ń gbá mọ́ etí tábìlì tí gbogbo apá á fi ta yín títí dé ọmọńdinrín. Láti ibẹ̀ ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìdí àtẹ́lẹwọ́, ní ìhà ọmọńdinrín, ó sì gba àárín egungun kéékèèké méjì wọlé. Oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan, Félix Guyon, ló ṣàpèjúwe ọ̀nà tóóró yẹn ní ọdún 1861, orúkọ rẹ̀ náà ni àwọn dókítà ṣì fi ń pè é. Ẹran tó bo iṣan náà níbẹ̀ kò nípọn rárá, ibẹ̀ gan-an ni hándù kẹ̀kẹ́ sì máa ń jókòó lé. Iṣan kejì gba àárín ọrùn-ọwọ́, nínú ihò tóóró kan tí òun àti okùn iṣan mẹ́sàn-án tó ń ká ìka jọ há sí. Bí a bá tẹ ọrùn-ọwọ́ sẹ́yìn, ihò náà á fún mọ́ ọn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ń dà mí láàmú nínú méjèèjì?

Ẹ wo ìka tó ń kú. Bó bá jẹ́ ọmọńdinrín àti ìdajì ìka tó tẹ̀ lé e, iṣan tó gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ni. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbé ara yín lé hándù. Bó bá jẹ́ àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, iṣan tó gba àárín ọrùn-ọwọ́ ni, ẹ sì yẹ ọrùn-ọwọ́ yín wò bóyá ó tẹ̀ sẹ́yìn jù. Bí gbogbo ìka bá ń kú pọ̀, ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n ara yín tó wà lórí ọwọ́ ti pọ̀ jù, tàbí kí ó ti ọrùn wá, nítorí ọrùn ni gbogbo iṣan apá ti ń bọ̀.

Mo máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n rántí ìka tó kọ́kọ́ kú kí wọ́n tó rántí ohunkóhun mìíràn. Ìka yẹn ló máa sọ ibi tí sípánà á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àwọn bàbá wa gun Raleigh lọ sóko, wọ́n gùn ún lọ sọ́jà, kí ló dé tí a kò gbọ́ pé ọwọ́ wọn ń kú?

Ìbéèrè yìí dára gan-an, torí pé ìdáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà nínú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo bàbá tó wà lórí Raleigh àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà náà ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Hándù náà ga, ó sì tẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń gùn ún, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kàn ń gbé orí rẹ̀ ni, kò gbé nǹkan kan. Ìjókòó aláwọ tó ní sípíríǹgì lábẹ́ ló gba gbogbo ìwọ̀n ara. Táyà rẹ̀ ga, òun náà sì ń gbé ẹni fò kọjá kòtò kéékèèké. Kẹ̀kẹ́ yẹn wúwo, kò sì yára, àmọ́ ó mọ ibi tó yẹ kí ẹrù ara wà.

Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń gùn lónìí, wọ́n ṣe é kí a lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà dá wa dúró. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, apá kan nínú ìwọ̀n ara á bọ́ sórí ọwọ́. Ìyẹn kò burú bí ó bá jẹ́ díẹ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá di ẹsẹ̀.

Kì í sì í ṣe àìsàn òde òní. Ní ọdún 1896, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde ní Yúróòpù, dókítà ará Faransé kan, Destot, ti kọ̀wé nípa àwọn tí kẹ̀kẹ́ gígùn sọ ọwọ́ wọn di aláìlágbára. Àwọn tó ń gun eré kẹ̀kẹ́ Paris–Brest–Paris nílẹ̀ Faransé, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1,200, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ láàárín wákàtí 90, mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

Kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe? Ṣé hándù ni?

Ìjókòó ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bá etí mu, torí ọwọ́ ló ń dùn yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi fúnra mi ṣe kọ́ ọ.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, nǹkan bíi kìlómítà 50, ọmọńdinrín mi méjèèjì ti kú kí n tó dé Fìdítì. Mo fipá gùn ún dé òpin. Ní Ọ̀yọ́, mo fẹ́ ṣí ìdérí ike omi, ọwọ́ mi kò gbà á; ọmọ kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì ló bá mi ṣí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì mi dáadáa. Mo ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kò yí nǹkan padà. Mo fi fóòmù wé hándù, ó dín díẹ̀, ó tún padà. Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo gbé e lọ bá nítorí búréèkì. Kò tíì fọwọ́ kan búréèkì náà tó fi sọ pé, “Ọmọ mi, ìjókòó yìí ń dà ẹ́ síwájú. Ọwọ́ rẹ ló ń gbé ẹ.” Mo wò ó, lóòótọ́ ni: imú ìjókòó náà ti tẹ̀ sísàlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá wa pẹ́dàlì ni mò ń yọ̀ síwájú, tí mo sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti ara mi padà sẹ́yìn, láti Mọ́níyà títí dé Ọ̀yọ́.

Nítorí náà, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi pákó gbọọrọ kan lé ìjókòó láti imú dé ìdí, kí ẹ sì gbé léfẹ́lì tí àwọn bíríkìlà ń lò lé e. Fóònù púpọ̀ ní léfẹ́lì tirẹ̀ nínú, òun náà ń ṣiṣẹ́. Kí ìjókòó tẹ́jú ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń yọ̀ síwájú, ẹ gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀, díẹ̀ gan-an. Bó bá ga jù, ibi tó rọ̀ láàárín itan lẹ máa fi gbà á, ìyẹn náà ní iṣan tirẹ̀ tó lè kú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo gíga rẹ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ nà tán, kí ìbàdí má sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ wà á gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀. Ìjókòó tó ga jù máa ń mú ìbàdí yí sọ́tùn-ún sósì, ọwọ́ ni a ó sì fi máa dá ara dúró.

Ohun kẹta nípa ìjókòó, tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, ni pé ó ṣeé tì síwájú, ó sì ṣeé fà sẹ́yìn lórí irin méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀: ìdí yín á sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kí ẹ má baà ṣubú. Bákan náà ló rí lórí kẹ̀kẹ́. Bí ìjókòó bá sún mọ́ hándù jù, ìdí kò ní ráyè sún sẹ́yìn, ọwọ́ á sì di òpó. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ọkọ̀ kò sí, ẹ máa wa pẹ́dàlì wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kúrò lórí hándù díẹ̀, kí ìka ṣì wà níbẹ̀. Bí àyà yín bá já lọ síwájú lójú ẹsẹ̀, ẹ fa ìjókòó sẹ́yìn ní mìlímítà 5, kí ẹ tún un dán wò. Bí ẹ bá lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láìgbin, ẹ ti súnmọ́ ibi tó yẹ. Ẹ rántí pé bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á gùn sí i díẹ̀, ẹ lè ní láti rẹ ìjókòó sílẹ̀.

Ohun kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi tépù tàbí ẹfun sàmì sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá yí ohun mẹ́rin padà lọ́jọ́ kan kò ní mọ èyí tó gbà á.

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni mo rà, ó sì dà bíi pé hándù jìnnà sí mi. Ṣé kí n tà á ni?

Ẹ má tíì tà á. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa, ará Yúróòpù tó ga bí ọ̀pẹ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí kò ga tó bẹ́ẹ̀ á rẹ ìjókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan pẹ́dàlì, á sì rò pé ó ti bá òun mu. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń nà bí ẹni tó fẹ́ já èso lórí igi.

Ohun tó so hándù mọ́ kẹ̀kẹ́ ni mò ń pè ní ọrùn hándù. Ó ṣeé pààrọ̀. Bí tiyín bá gùn tó mìlímítà 110, èyí tó jẹ́ 80 tàbí 70 á fa hándù súnmọ́ yín láìsí pé ẹ ra kẹ̀kẹ́ mìíràn. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú kẹ̀kẹ́ tà, ẹ lè rí ògbólógbòó rẹ̀ tó ṣì le. Kí ẹ ṣáà wọn ibi tó ti máa di hándù àti ibi tó ti máa di fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó di táyà iwájú mú, kí ẹ tó sanwó, torí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba.

Gbígbé hándù sókè tún rọrùn ju pípààrọ̀ lọ. Lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́, bóòtù gígùn kan wà lórí ọrùn hándù gan-an. Ẹ yí i tú lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ fi òòlù kan orí bóòtù náà jẹ́jẹ́ kí ohun tó há nínú lè bọ́, ẹ wá fà á sókè. Ilà kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀: ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilà yẹn hàn síta. Bó bá ti hàn, irin tó kù nínú kò tó, hándù lè yọ sí yín lọ́wọ́ lórí eré. Ẹ má gbójú fo èyí rárá.

Ti kẹ̀kẹ́ tuntun yàtọ̀. Bóòtù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló dì í mú, ìyẹn tí Allen key, irin onígun mẹ́fà, ń tú. Bí wáṣà bá wà lórí ọrùn hándù, ẹ kó o lọ sábẹ́ rẹ̀, hándù á ga. Bí ọrùn náà bá tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé, á kọjú sókè. Nígbà tí ẹ bá ń dì í padà, bóòtù orí ni kí ẹ kọ́kọ́ dì títí hándù kò fi ní mì mọ́, síbẹ̀ kí ó ṣì máa yí fàlàlà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó di ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ mú búréèkì iwájú, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú-sẹ́yìn. Bí nǹkan bá ń kọ́ gbà-gbà níbẹ̀, kò tíì dì tán.

Bí ẹ bá ti gbé hándù dé ìpele ìjókòó tàbí kí ó ga jù ú lọ díẹ̀, tí ìgúnpá yín sì tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ bá dì í mú, ó tó. Ìgúnpá tó nà gbọnrangandan ń gbé gbogbo gbígbọ̀n títì wá sí ọrùn-ọwọ́ àti èjìká. Àmọ́ bí kẹ̀kẹ́ bá tóbi jù débi pé ẹ kò lè fẹsẹ̀ kanlẹ̀ nígbà tí ẹ bá dúró lórí irin àárín, ìyẹn kò ní oògùn. Ẹ tà á fún ẹni tó ga.

Ọrùn-ọwọ́ mi máa ń tẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí mo bá mú búréèkì. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Kò dáa. Irin búréèkì tó nà tààrà síwájú máa ń fipá tẹ ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ tú bóòtù kékeré tó dì í mọ́ hándù, kí ẹ yí i sísàlẹ̀ títí ẹ̀yìn ọwọ́ àti apá á fi wà lórí ilà kan ṣoṣo nígbà tí ìka bá wà lórí búréèkì. Kí ẹnì kejì wò yín láti ẹ̀gbẹ́, òun ló máa rí i. Bí ìka yín bá kúrú, ọ̀pọ̀ irin búréèkì ní sùkúrù kékeré kan tó ń fà á súnmọ́ hándù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá niṣẹ́ yìí, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti jí padà nípasẹ̀ rẹ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kí n di hándù mú?

Bí ẹ ṣe ń di òròmọdìẹ mú ni: kí ó má bọ́, kí ó má sì kú. Ẹ̀rù ọkọ̀ àti kòtò máa ń mú kí a fún hándù mọ́wọ́ láìmọ̀, ìfúnmọ́ yẹn nìkan sì tó láti pa ìka. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rántí, ẹ rẹ èjìká sílẹ̀ kúrò létí, ẹ tẹ ìgúnpá díẹ̀, ẹ na ìka lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ má sì fi ọwọ́ sójú kan. Hándù tó tẹ̀ bí ìwo àgbò ní ibi mẹ́ta tí a ti lè dì í mú: lókè, lórí búréèkì, àti nísàlẹ̀. Ẹ máa yí i ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ó pẹ́ tán. Hándù tó nà gbọọrọ kò ní irú ààyè yẹn, òun ló sì máa ń pa ọwọ́ jù lórí ìrìn gígùn. Ìwo kékeré méjì tí wọ́n ń dè mọ́ ìparí rẹ̀ á fún yín ní ibi kejì tí ẹ lè dì mú, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti máa kọjú sí ara wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ohunkóhun tí mo ti rà fún kẹ̀kẹ́ mi lọ. Rọ́bà hándù tó fẹ̀ níbi ìdí àtẹ́lẹwọ́ náà ń ṣèrànwọ́, torí ó ń pín ẹrù náà ká dípò kó dá a lé iṣan kan lórí.

Ṣé táyà ní ọwọ́ nínú rẹ̀?

Ó ní i gidigidi, pàápàá lórí títì tiwa. Gbígbọ̀n tó ń ti ilẹ̀ wá kì í jẹ́ kí iṣan sinmi. Ọ̀pọ̀ fọkanáísà ń fi ẹ̀rọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ títí á fi le bí òkúta, wọ́n gbà pé líle ni dídára. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi gééjì wò ó. Ẹni tó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 70 tó ń gun táyà tó fẹ̀ tó íǹṣì 2, 35 sí 40 PSI, ìyẹn ìwọ̀n agbára atẹ́gùn tí gééjì ń kà, máa ń tó o. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ mìlímítà 28 nílò bíi 70 sí 80. Iye tó ga jù tí wọ́n kọ sára táyà, ààlà ni, wọn kò ní kí a fẹ́ ẹ débẹ̀. Ààlà ìsàlẹ̀ náà wà: bí atẹ́gùn bá kéré jù, kòtò àkọ́kọ́ á fi irin gé tíúbù yín ní ihò méjì.

Bí fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ yín bá ní táyà tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́, ẹ wò ó bóyá ó lè gba èyí tó fẹ̀ sí i. Fọ́ọ̀kì onísípíríǹgì tó wà lára ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, ìpata ti di í pa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí kò bá lọ, kò ṣe yín láǹfààní kankan.

Ìbọ̀wọ́ onífóòmù ńkọ́?

Ó dára, lẹ́yìn ìjókòó àti hándù. Èyí tó dára jù ní tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ibi tí iṣan gbà, tó fi jẹ́ pé àlàfo díẹ̀ wà fún iṣan náà. Èyí tó nípọn jù ń mú kí hándù tóbi lọ́wọ́, a ó sì fún un mọ́ra sí i. Kí ó má fún yín lọ́rùn-ọwọ́. Ní ọjọ́ òógùn, ìbọ̀wọ́ ń jẹ́ kí ọwọ́ di hándù mú láìfipá ṣe é, èrè rẹ̀ tí mo kà sí jù nìyẹn. Bí ẹ bá sì ṣubú, àtẹ́lẹwọ́ yín kò ní bó.

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń kú. Kí ló fà á?

Ẹ kọ́kọ́ wo hándù láti òkè. Kẹ̀kẹ́ tó ti ṣubú rí lè ní hándù tó wọ́ tàbí irin búréèkì kan tó ga ju èkejì lọ. Ẹ wo ìjókòó náà bóyá imú rẹ̀ kọjú síwájú gan-an. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, ẹ rò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ni: téláà, onídìrí, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ wọn ti rẹ̀ kó tó dé orí kẹ̀kẹ́.

Ó ti kú lójú ọ̀nà báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ dúró. Ẹ má gùn ún lọ, torí ìka tó kú kì í lè fa búréèkì dáadáa, ìyẹn sì ni ewu tó yára jù nínú gbogbo èyí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀, ẹ pa ọwọ́ dé, ẹ ṣí i, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ yí èjìká. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó yẹ kó jí. Bí ẹ bá délé tí ó ṣì kú díẹ̀, ẹ má ki ọwọ́ bọ omi gbóná, ẹ kò ní mọ̀ bó bá ń bó yín. Òróró ìpara tó ń ta ni lára kò sì lè gbé ẹrù kúrò lórí iṣan. Ìsinmi ló ń wò ó.

Ṣé eré ìdárayá kankan wà tó lè ràn mí lọ́wọ́?

Ikùn àti ẹ̀yìn ló yẹ kó gbé àyà yín ró nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá lágbára, ọwọ́ á gbà á ṣe. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ìgúnpá àti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ gbé ara sókè kí ó nà bíi pákó, fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Láàárín oṣù kan sí méjì, ẹ máa rí i pé ọwọ́ yín fúyẹ́ lórí hándù.

Ìgbà wo ni kí n lọ rí dókítà?

Bí kíkú náà bá ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn tí ẹ ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń rọ: tí kọ́kọ́rọ́ ń bọ́, tí ẹ kò lè na ìka ya ara wọn, tí ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá sì ń jò. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹran yẹn bá jò tán, torí ó máa ń pẹ́ kó tó padà, kì í sì í padà tán nígbà mìíràn. Dókítà lè ní kí wọ́n fi iná díẹ̀ wo bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́, ó lè fún yín ní ohun tí ẹ ó máa so mọ́ ọrùn-ọwọ́ lóru, ó sì níye ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dórí iṣẹ́ abẹ.

Bó bá ń jí yín lójú oorun, tàbí tí ẹsẹ̀ náà ń kú, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ṣúgà wò. Àrùn yẹn ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹlòmíràn á sì máa dá kẹ̀kẹ́ lẹ́bi. Aláboyún náà máa ń ní kíkú ọwọ́ nítorí omi tó pọ̀ lára, ó sì sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ.

Èyí tí kò gba ìdúró rárá: bí apá kan bá kú tàbí rọ lójijì, tí ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu. Àmì rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Bí àyà bá ń dunni tí ìrora náà sì ń gba apá lọ, ọkàn ni kí ẹ fura sí. Ilé ìwòsàn ní wéréwéré, bẹ́ẹ̀ ni kí aláìsàn má sì gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ń gun ọ̀kadà, ọwọ́ tiẹ̀ náà ń kú. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ló pọ̀ jù nínú tirẹ̀, ọwọ́ tó ń fún iná sì ni kì í sinmi. Rọ́bà hándù tó ti le, kó pààrọ̀ rẹ̀. Kó máa sọ̀ kalẹ̀ láàárín èrò kan sí òmíràn. Bí ìka rẹ̀ bá ń funfun nígbà òtútù ọyẹ́, kó jẹ́ kí dókítà wò ó.

Ọmọ mi ọdún mẹ́wàá ní ọwọ́ òun ń kú. Ṣé kí n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ wo ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ náà ná. A máa ń ra èyí tó tóbi kí ọmọ lè dàgbà bá a, bíi bàtà iléèwé. Àmọ́ nígbà tó bá ń dàgbà bá a lọ́wọ́, ó ń nà gbalaja lórí rẹ̀, gbogbo àyà rẹ̀ wà lórí àtẹ́lẹwọ́. Nítorí pé kẹ̀kẹ́ náà tóbi jù ú lọ, ẹ fa ìjókòó síwájú díẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí orúnkún rẹ̀ má há, ẹ gbé hándù sókè, kí ẹ sì rí i pé ìka rẹ̀ kan búréèkì dáadáa. Ọmọ kì í mọ bí a ṣe ń sọ pé ìka òun ti kú. Gbígbọn ló máa ń gbọn ọwọ́. Bí ẹ bá rí i tó ń gbọn ọwọ́, ẹ pè é wálé, kí ẹ mú sípánà.